Ara àtijọ́, ọkàn tuntun: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ohun tó ń mú kí ara kọ ọkàn tí wọ́n pààrọ̀

Kẹ́míìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Láti ìgbà tí bàbá kan ládùúgbò wa ti dé láti Íńdíà pẹ̀lú ọkàn ẹlòmíràn láyà, ìbéèrè kò tán lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ìyàwó wọn ń bèèrè, ọmọ wọn tó wà ní FUTA ń bèèrè, ẹni tó kàn wá ra oògùn orí fífọ́ náà á dúró bèèrè. Àwọn tí mo ń gbọ́ jù ni mo kó jọ síbí. Apòògùn ni mí, n kì í ṣe dókítà ọkàn, nítorí náà ohun tí dókítà yín bá sọ fún yín nípa ara yín ló lékè.

Ohun kan wà tí mo máa ń tẹnu mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ tí ara bá dá àlejò mọ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Ọkàn náà ti fara pa kí wọ́n tó gbé e dé àyà ẹni tó ń dúró dè é, ìfarapa yẹn ló sì ń ké pe àwọn ọmọ ogun ara.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí wọ́n bá ní ara ń kọ ọkàn?

Sẹ́ẹ̀lì ara wa ló gbé àmì sójú. Purotéènì ni àmì náà, HLA lorúkọ rẹ̀, jíìnì tó ń ṣe é sì wà lórí kurómósọ́ọ̀mù kẹfà. A gba ìdajì lọ́dọ̀ bàbá, ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Oríṣi rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ṣòro kí ẹni méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá pàdé kí tiwọn dọ́gba. Ẹ wo ọdẹ tó ń ṣọ́ géètì ní Ìjàpọ̀ lóru. Onílé á kọjá, kò ní bi í ní nǹkan kan. Ojú àjèjì ló máa ní kó dúró, á ní ta lẹ wá rí. Bí àlejò bá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, fèrè á dún, àwọn ọdẹ tó kù á sì sáré dé. Sẹ́ẹ̀lì T ni ọdẹ yẹn nínú ara. Ọkàn tí wọ́n gbé wọlé lè dára ju ti onílé lọ, ìyẹn ò kàn án. Àmì ojú ló ń wò.

Peter Medawar, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Britain, ló fi èyí hàn kedere, nígbà tó ń ṣèwádìí lórí awọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àwọn tí iná jó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó rí i pé awọ ẹlòmíràn tí wọ́n kọ́kọ́ lẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ré. Bí wọ́n bá tún lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì láti ara olùtọrẹ kan náà, èyí á yára ré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ara ti mọ̀ ọ́n, ara kò sì gbàgbé. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1960.

Ṣé genotype ni wọ́n máa ń wò kí ọkàn tó bá ara mu?

Rárá. Ọ̀rọ̀ AA, AS àti SS kò wọ ibí yìí rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun lẹnu wa mọ́ jù nílẹ̀ yìí nítorí ìgbéyàwó. Blood group ni wọ́n ń wò, ìyẹn A, B, AB tàbí O. Wọ́n á wo bí ara olùtọrẹ ṣe tóbi sí. Wọ́n á tún yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fẹ́ gba ọkàn wò bóyá àǹtíbọ́dì, ìyẹn ohun ìjà inú ẹ̀jẹ̀, tó lè bá HLA olùtọrẹ jà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí àwọn àǹtíbọ́dì yẹn ti ń wá máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: oyún, ẹ̀jẹ̀ gbígbà, àti ẹ̀yà ara tí wọ́n ti pààrọ̀ rí. Obìnrin tó ti bímọ mẹ́rin ti gbé àmì HLA ọkọ rẹ̀ sínú nígbà mẹ́rin, ara rẹ̀ sì lè ti ṣe ohun ìjà sílẹ̀ dè é. Nítorí náà, bí ọkàn obìnrin bá ti rẹ̀ débi pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìpààrọ̀, ẹ má fi iye ìgbà tó ti gba ẹ̀jẹ̀ àti iye oyún tó ti ní pa mọ́, títí kan èyí tó wálẹ̀.

Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n sábà lè fún ní ọkàn tí blood group rẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu, nítorí pé ara ọmọ náà kò tíì ṣe àǹtíbọ́dì tó ń dojú kọ blood group ẹlòmíràn.

Ẹ ní ọkàn ti fara pa kí wọ́n tó gbé e dé. Báwo?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara olùtọrẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti kú pátápátá ni, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Bí ọpọlọ ṣe ń kú lọ, ara á tú adrenaline jáde yanturu, ẹ̀jẹ̀ á ru, ọkàn á máa sáré àsápajúdé. Ìyẹn nìkan ti tó láti ṣe ẹran ọkàn léṣe. Àwọn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kéde ìwúlé (inflammation), bíi IL-6 àti TNF, á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ olùtọrẹ náà.

Wọ́n á wá fi omi tí pòtásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ dá ọkàn dúró, wọ́n á gé e jáde, wọ́n á gbé e sínú òtútù. Kíndìnrín lè wà nínú yìnyín fún odidi ọjọ́ kan, ọkàn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí 4 ni àwọn oníṣẹ́ abẹ kì í fẹ́ kó kọjá. Ẹ̀yin tó ń wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Èkó mọ̀ pé wákàtí 4 kì í tó wa débẹ̀, ká má tíì sọ ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Òtútù ń dín iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì kù, kò dá a dúró. Sẹ́ẹ̀lì ṣì ń jẹ ATP, èròjà agbára rẹ̀, láìsí ọ́síjìn tí yóò fi ṣe òmíràn dípò. Ásíìdì á bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ. Kó lè lé ásíìdì náà jáde, sẹ́ẹ̀lì á gba sódíọ̀mù wọlé. Kó lè lé sódíọ̀mù jáde, á gba kálísíọ̀mù wọlé. Kálísíọ̀mù tó pọ̀ lápọ̀jù nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn kò dára rárá.

Àmọ́ ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá padà dé gan-an ni nǹkan ń burú sí i. Ní gbogbo àkókò tí kò sí ọ́síjìn yẹn, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní succinate ti ń kó jọ nínú mitokọ́ńdríà, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára. Bí oníṣẹ́ abẹ bá ti tú ohun tó fi di òpójẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ya wọlé, mitokọ́ńdríà á fi ìwàǹwára lo succinate yẹn, á sì tú irú ọ́síjìn kan jáde tí kì í gbé jẹ́ẹ́, tó ń kọ lu ohunkóhun tó bá wà nítòsí rẹ̀: ọ̀rá tó bo sẹ́ẹ̀lì, purotéènì, DNA. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ọ́síjìn burúkú yìí àti kálísíọ̀mù á jọ dá ihò sí ara mitokọ́ńdríà, sẹ́ẹ̀lì á sì kú.

Ikú sẹ́ẹ̀lì kò rí bákan náà, ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ èmi jù. Òmíràn máa ń rọra kú, á di ara rẹ̀ ní ẹrù, àwọn aládùúgbò á gbé e mì, ariwo ò ní sí. Òmíràn á bẹ́, gbogbo ohun inú rẹ̀ á dà síta. Ẹ̀kẹta wà tí wọ́n ń pè ní ferroptosis: irin tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ló ń ran ọ́síjìn burúkú yẹn lọ́wọ́ láti ba ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì jẹ́ títí á fi ya. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019, wọ́n dènà irú ikú yìí nínú eku tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún, neutrophil, irú ọmọ ogun ara kan, tó ya wọ inú ọkàn tuntun sì dín kù.

Báwo ni ìfarapa yẹn ṣe wá di ìwúlé, nígbà tí kò sí kòkòrò àrùn níbẹ̀?

Bí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀ lóko kòkó, ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á wú, á máa ta yín. Ìwúlé nìyẹn, ara ló ń kó ẹ̀jẹ̀ àti ọmọ ogun wá síbẹ̀. Kò pọn dandan kí kòkòrò wọlé kí ara tó ṣe é.

Nínú ọkàn, ohun tó dà síta láti inú sẹ́ẹ̀lì tó bẹ́ ló ń fa á. HMGB1, ATP, DNA inú mitokọ́ńdríà: inú ilé ni gbogbo wọn ń gbé, wọn kì í jáde. Bí ara bá rí wọn níta, ó mọ̀ pé ohun búburú ti ṣẹlẹ̀. Ohun tó fi ń rí wọn ni àwọn purotéènì bíi TLR4 tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì. TLR4 á jí NF-κB. NF-κB á wọ inú ibi tí DNA wà, á sì tan àwọn jíìnì tó ń ṣe TNF, IL-1 àti IL-6. Ẹgbẹ́ purotéènì mìíràn tí wọ́n ń pè ní NLRP3 á parí iṣẹ́ lórí IL-1 kó lè mú dáadáa.

Lẹ́yìn èyí, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ á yí ìwà padà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á gbé purotéènì kan tó ń jẹ́ P-selectin síta, neutrophil tó ń sáré kọjá nínú ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà lára rẹ̀. Nígbà tó bá di wákàtí díẹ̀, ICAM-1 náà á yọ, neutrophil á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì fún ara rẹ̀ gba àárín sẹ́ẹ̀lì wọ inú ẹran ọkàn. Ẹ̀ńsáìmù tó gbé dání fún kòkòrò àrùn ni yóò dà sórí ẹran ọkàn tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Complement, ìyẹn àwọn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń lu ihò sára kòkòrò, náà á bá wọn dá sí i.

Títí dé ibí, kò sẹ́ni tó tíì bèèrè HLA o. Ìjà yìí ì bá ṣẹlẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọkàn ìbejì rẹ̀ ni wọ́n gbé fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá le jù, ọkàn tuntun lè kọ̀ láti fún ẹ̀jẹ̀ dáadáa láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́. Ìyẹn kì í ṣe pé ara kọ ọ́. Ìfarapa ojú ọ̀nà ni.

Ìgbà tí ìwúlé bá jí sẹ́ẹ̀lì dendritic ti olùtọrẹ ni ìfarapa àti kíkọ̀ so pọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí bá ọkàn wọlé wá ni. Bí wọ́n bá gbọ́ igbe ìfarapa, wọ́n á kúrò nínú ọkàn, wọ́n á tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ dé ọlọ inú (spleen), wọ́n á sì na HLA àjèjì sí sẹ́ẹ̀lì T lójú níbẹ̀. Bí ìfarapa bá kéré, ìpè yẹn kì í rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣèwádìí fi ń du bí wọn yóò ṣe tún gbígbé ọkàn ṣe: àpótí tó ń ṣọ́ ìwọ̀n òtútù kí yìnyín má jó ẹran ọkàn, àti ẹ̀rọ tó ń da ẹ̀jẹ̀ gbígbóná sínú ọkàn tó fi ń lù lọ lójú ọ̀nà.

Kí ni sẹ́ẹ̀lì T máa ń ṣe sí ọkàn nígbà tó bá ti mọ̀ pé àlejò ni?

Sẹ́ẹ̀lì T kì í jà pẹ̀lú àmì kan ṣoṣo. Ó gbọ́dọ̀ rí HLA àjèjì, kí ẹni tó fi hàn án sì tún fọwọ́ sí i; CD28 ni sẹ́ẹ̀lì T fi ń gba ìfọwọ́sí yẹn. Bí méjèèjì bá pé, kálísíọ̀mù á wọ inú rẹ̀, ẹ̀ńsáìmù kan tó ń jẹ́ calcineurin á jí, calcineurin á ṣí NFAT sílẹ̀, NFAT á tan jíìnì IL-2. IL-2 ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì T kan di ọ̀kẹ́ àìmọye. Ẹ fi orúkọ calcineurin sọ́wọ́, a ó padà kàn án níbi oògùn.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí wọ́n ń pè ní CD8 á lọ dojú kọ sẹ́ẹ̀lì ọkàn ní tààràtà: perforin á dá ihò sí i lára, granzyme á gba ibẹ̀ wọlé lọ pa á. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí wọ́n ń pè ní CD4 ní tiwọn á máa pàṣẹ. Interferon-gamma tí wọ́n ń tú jáde á pe macrophage, ọmọ ogun ara mìíràn, wá, á sì mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọkàn gbé HLA sójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń lù ú ni àmì àjèjì rẹ̀ ń hàn sí i.

Ẹ̀dọ̀ á fara gba irú ìlù bẹ́ẹ̀, á tún hù. Sẹ́ẹ̀lì ẹran ọkàn kì í fi bẹ́ẹ̀ hù. Ní ọmọ ọdún 25, nǹkan bíi 1 nínú 100 ló ń di tuntun lọ́dún, ó sì ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Ibi tó bá kú á di àpá, àpá kì í sì í lù.

Ṣé oríṣi kan ṣoṣo ni kíkọ̀ yìí?

Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó le jù máa ń dé láàárín ìṣẹ́jú sí wákàtí díẹ̀, nígbà tí àǹtíbọ́dì bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkàn á dúdú, ẹ̀jẹ̀ á dì nínú iṣan rẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe ṣáájú ti mú kó ṣọ̀wọ́n. Ti sẹ́ẹ̀lì T tí mo ṣàlàyé lókè yẹn wọ́pọ̀ ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ti àǹtíbọ́dì lè dé nígbàkúgbà: sẹ́ẹ̀lì B á ṣe àǹtíbọ́dì sí HLA olùtọrẹ, àǹtíbọ́dì á lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, á pe complement, complement á fi àpá kan tí wọ́n ń pè ní C4d sílẹ̀ níbẹ̀, òun sì ni wọ́n máa ń wá nínú láàbù. Èyí tó ń rọra ṣẹlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún wà pẹ̀lú, mo máa dé ibẹ̀.

Ṣé aláìsàn á mọ̀ ọ́n lára?

Ìṣòro ibẹ̀ nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó lè má mọ nǹkan kan. Bí ó bá pọ̀, á máa rẹ̀ ẹ́ láìnídìí, á máa mí gúlegúle, kò ní lè sùn gbalaja, ẹsẹ̀ á wú, ìwọ̀n ara á lé lójijì, ọkàn á máa lù ségesège, ara lè gbóná. Ará wa á sì ní ibà ni, á lọ ra oògùn ibà. Ẹni tó ti pààrọ̀ ọkàn kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Kó kọ́kọ́ pe dókítà rẹ̀.

Ẹ má sì fi lílù ọkàn rẹ̀ wé tiyín. Wọ́n ti gé àwọn ẹ̀yà tó ń gbé ìròyìn láti ọpọlọ wá sí ọkàn, nítorí náà lílù rẹ̀ nígbà tó bá jókòó lè wà láàárín 90 sí 110 ní ìṣẹ́jú kan, kí ó sì jẹ́ pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń gé ẹran lára ọkàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀?

Nítorí pé ojú kò lè rí sẹ́ẹ̀lì T láti ìta. Wọ́n á pa ọrùn kú, wọ́n á ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú iṣan ọrùn dé apá ọ̀tún ọkàn, wọ́n á já ẹran tín-ín-tín bíi mélòó kan níbẹ̀. Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo irinṣẹ́ náà lọ́dún 1973. Àwọn tó ń fi maikirosíkóòpù wò ó á fún un ní máàkì: 0R, kò sí nǹkan, 1R, díẹ̀, 2R, ó ti ń le, 3R, ó ti le gan-an. Ní oṣù àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà á máa jìnnà síra.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ti wà báyìí tó ń wá DNA olùtọrẹ nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Bí sẹ́ẹ̀lì ọkàn bá ń kú, DNA rẹ̀ á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Kò tíì lé biopsy, ìyẹn ẹran jíjá yẹn, kúrò nílẹ̀, àmọ́ ó ń dín iye ìgbà tí wọ́n ń ki irin bọ ọrùn ènìyàn kù, inú mi sì dùn sí i.

Kí ni iṣẹ́ àwọn oògùn rẹpẹtẹ yìí?

Tacrolimus ló ṣe pàtàkì jù. Inú kòkòrò kan nínú iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ Jàpáànì ni wọ́n ti rí i lọ́dún 1984. Calcineurin tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́wọ́, òun ni tacrolimus ń dì lọ́wọ́. Bí calcineurin kò bá lè ṣiṣẹ́, IL-2 kò ní pọ̀, sẹ́ẹ̀lì T kò sì ní bí sí i. Mycophenolate ń dènà èròjà tí sẹ́ẹ̀lì T àti B fi ń ṣe DNA tuntun. Prednisolone ń tẹ NF-κB mọ́lẹ̀.

Àlàfo tó wà láàárín ìwọ̀n tacrolimus tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń ba kíndìnrín jẹ́ kò fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ má lo tàárọ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín. Bí ẹ bá ti gbé e mì kẹ́ ẹ tó dé láàbù, nọ́ńbà á ga, dókítà á rò pé ó pọ̀ jù, á dín in kù, ara á sì ráyè kọ ọkàn. Ẹ gbé kápúsù náà dání, kí ẹ lò ó tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ tán.

Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá yí padà, tí àwọ̀ kápúsù yàtọ̀, ẹ má kàn gbé e mì. Ẹ pe dókítà.

Àgbo ńkọ́?

Mo ti ń retí rẹ̀. Ìyàwó bàbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan gbé nylon kan wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n da ohun inú rẹ̀ sórí káńtà pé kí n bá wọn yà wọ́n sọ́tọ̀. Tacrolimus, mycophenolate, prednisolone, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ọ̀rá. Ìgò kékeré kan wà nísàlẹ̀, omi rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

"Màmá, ta ló ń mu èyí?"

"Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bàbá ni o, wọ́n ní inú ń kùn wọ́n."

"Ṣé dókítà wọn mọ̀?"

Wọ́n wo ojú mi, wọn ò dáhùn.

N kì í bá àgbo jà. Ilé tí wọ́n ti ń sè é ni wọ́n bí mi sí. Àmọ́ ẹ̀ńsáìmù kan wà nínú ìfun àti ẹ̀dọ̀ tó ń tú tacrolimus palẹ̀, CYP3A4. Ọsàn gírépù máa ń dá ẹ̀ńsáìmù yẹn dúró, tacrolimus á pọ̀ lápọ̀jù, kíndìnrín á jìyà rẹ̀. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń fi kún ẹ̀ńsáìmù náà, tacrolimus á lọ sílẹ̀. Clarithromycin àti fluconazole máa ń gbé e ga. Àgbo tí ewé mẹ́fà tàbí méje wà nínú rẹ̀, ta ló lè sọ apá ibi tó máa tì í sí? Màmá fi ìgò náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Diclofenac àti ibuprofen tí gbogbo wa ń rà bí ẹni ra gúgúrú náà wà nínú èyí tí kò yẹ, nítorí kíndìnrín tí tacrolimus ti ń fún mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Wòlíì ní ó ti bọ́, pé kó dá oògùn dúró. Kí ni kí á ṣe?

Kó má dá a dúró. Èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì T tó ti mọ HLA àjèjì kì í gbàgbé, ohun tí Medawar rí lára awọ nìyẹn, kò sì sí ọdún tí à ń pè ní ọdún ìdáríjì fún un. Ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá lónìí, tacrolimus ló ń jẹ́ kó yá. Kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé ni bí ara bá kọ ọkàn. Ara tí kò ní àìsàn kankan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù.

Ṣé ó lè gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú láti fi rìnrìn àjò?

Lẹ́yìn ìpààrọ̀, rárá. Kòkòrò ààyè tí wọ́n ti rọ̀ ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, ara tí wọ́n ti dè lọ́wọ́ lè má lè borí rẹ̀. Kó gbà á ṣáájú iṣẹ́ abẹ, bí dókítà bá gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, dókítà lè kọ ìwé pé kò lè gbà á. Ní ti ibà ẹ̀fọn, kó máa sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́.

Wọ́n ní iṣan tó ń bọ́ ọkàn lè dí lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ṣé ọ̀rá ló fà á?

Ọ̀rá wà níbẹ̀, àmọ́ ìwúlé tí kò pariwo ló gbà á síwájú. Àǹtíbọ́dì àti sẹ́ẹ̀lì T tí oògùn kò ká pátápátá ń ta inú òpójẹ̀ lọ́dọọdún, interferon-gamma ń jáde díẹ̀díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹran ara òpójẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, wọ́n á sì ya wọ inú. Nínú àìsàn òpójẹ̀ tí a mọ̀, ọ̀rá máa ń kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí máa ń nípọn yípo, láti òkè délẹ̀, débi pé wọn kì í sábà rí ibi kan pàtó tí wọn yóò ṣí. Ọkàn tó bá fara pa púpọ̀ nínú òtútù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wà lára àwọn tí èyí ń tètè bá. Kòkòrò CMV náà ń dá kún un.

Àyà kì í sì í sábà dun ún, nítorí wọ́n ti gé ohun tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Òpójẹ̀ lè dí kó máà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí oògùn ọ̀rá fi wà nínú nylon màmá, kì í ṣe pé bàbá sanra. Oògùn méjì mìíràn, sirolimus àti everolimus, lè fa dídí òpójẹ̀ náà sẹ́yìn pẹ̀lú.

Ṣé ìwà olùtọrẹ lè wọ ara ẹni tó gba ọkàn?

Ẹ̀jẹ̀ ni ọkàn ń tì. Bàbá ṣì ń bínú sí Arsenal bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ gbé ọkàn ènìyàn sí ẹlòmíràn láyà?

Oníṣẹ́ abẹ Christiaan Barnard, ní ilé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1967. Louis Washkansky ló gba ọkàn náà, ó lo ọjọ́ 18. Ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló pa á, nítorí oògùn tí wọ́n fi de ọmọ ogun ara rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè bá kòkòrò àrùn jà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn káàkiri ayé ń dù ú, ikú sì pọ̀ débi pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jáwọ́. Norman Shumway, oníṣẹ́ abẹ ní Stanford, kò jáwọ́. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni cyclosporine, oògùn tí wọ́n rí lára olú tín-ín-tín kan nínú iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ Norway; Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 1983. Calcineurin kan náà lòun náà ń dì lọ́wọ́. Lónìí, ìdajì àwọn tó ń gba ọkàn tuntun ń lò ju ọdún 10 lọ.

Ṣé wọ́n lè ṣe é ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó?

Kò tíì sí. Ti kíndìnrín ni wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà láti ọdún 2000, ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òfin ìlera ọdún 2014 náà ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yà ara pípààrọ̀. Fún ti ọkàn, ọ̀rọ̀ náà ju yàrá iṣẹ́ abẹ lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹbí tó máa gbà láti fi ọkàn ẹni wọn tọrẹ lọ́jọ́ tí ọpọlọ rẹ̀ kú, láàbù tó ń ṣiṣẹ́ lóru, iná tí kì í lọ, àti ẹni tó lè ka biopsy lọ́jọ́ kan náà. Tó bá kù sọ́wọ́ mi, láàbù ni mo máa kọ́kọ́ ná owó lé. UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ní Oǹdó, ń tọ́ dókítà lọ́wọ́, dókítà kò ní wọ́n wa tó láàbù.

Ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ tí a gbọ́ ńkọ́?

Òótọ́ ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, wọ́n fi ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ sí aláìsàn kan, David Bennett, láyà ní Maryland, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti yí jíìnì 10 padà lára ẹlẹ́dẹ̀ náà: wọ́n yọ mẹ́ta tó ń ṣe irú ṣúgà tí àǹtíbọ́dì wa ń bá jà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n yọ ọ̀kan kí ọkàn má bàa dàgbà jù, wọ́n sì fi jíìnì ènìyàn mẹ́fà kún un láti tu complement, ìwúlé àti ẹ̀jẹ̀ dídì lójú. Ó lo nǹkan bí oṣù méjì. Wọ́n rí kòkòrò CMV ti ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọkàn náà.

Bí ara bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ṣé ó ti parí?

Kò parí. Bí biopsy bá ní 2R tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sábà máa ń fa methylprednisolone tó pọ̀ sí i lára fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á wá wo bí ó ṣe rí. Bí ó bá le ju ìyẹn lọ, wọ́n á fi ATG kún un, àǹtíbọ́dì tí wọ́n ṣe lára ehoro láti fi pa sẹ́ẹ̀lì T. Tó bá jẹ́ ti àǹtíbọ́dì, wọ́n lè fi ẹ̀rọ sẹ́ àǹtíbọ́dì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì lo rituximab láti dín sẹ́ẹ̀lì B kù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún já ẹran wò. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n bá tètè rí ló ń padà sí 0R, kí ẹni náà sì padà sílé.